Omi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa òdúndún Màmá Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó ku díẹ̀ báyìí kí n pa òdúndún tí ìyá bàbá mi fún mi. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ẹ̀ síbì kan o. Kì í ṣe ewúrẹ́ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Omi ni. Láràárọ̀ kí n tó lọ sí láàbù, màá bu ife omi kan sí i. Tí mo bá dé lálẹ́, màá tún bu ife kan sí i, inú mi á sì dùn pé mo ń tọ́jú nǹkan. Kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, ìdí ẹ̀ ti jẹrà, ewé ìsàlẹ̀ ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, wọ́n sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mò ń ṣe másítà nínú biochemistry! Ojú tì mí gan-an.

Kẹ́ ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí. Ilé wa ní Ìsẹ́yìn ní àgbàlá kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni òdúndún yìí wà látìgbà tí bàbá mi ti wà lọ́mọdé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáwó jọ, wọ́n ní kí àgbàlá náà lè mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi íńtálọ́kì bò ó láti ògiri dé ògiri. Kò sẹ́ni tó rántí òdúndún. Màmá Àgbà nìkan ló sáré ya ẹ̀ka kan kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ro ilẹ̀ náà. Ó gbìn ín sínú ike ọ̀dà kan, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń padà sí Ìbàdàn.

"Àṣàkẹ́, èyí nìkan ló kù. Má jẹ́ kó kú o."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo wá ṣe.

Látìgbà náà ni mo ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí mo sì bá a dé nìyí: ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ìtọ́jú pa irú ewéko yìí, torí a ò mọ bó ṣe ń gbé ayé ẹ̀. A sì ń hú u dànù nínú àgbàlá wa, torí a ò mọ ohun tó jẹ́. Àìmọ̀ kan náà ló bí méjèèjì. Mo gbà pé tá a bá mọ bí òdúndún ṣe ń mí, a ò ní bomi pa á mọ́, a ò sì ní tètè hú u.

Ta ni òdúndún, ta sì ni ẹbí ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fídíò àwọn olùtọ́jú ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, ẹ ó ti gbọ́ orúkọ kan, stonecrop. Ewéko kúkúrú ni, ewé ẹ̀ nípọn, ó sì kún fún omi. Sedum lorúkọ sáyẹ́ǹsì ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n máa ń hù láàárín òkúta, lórí ògiri àtijọ́, lórí òrùlé pàápàá, níbi tí erùpẹ̀ ò ti tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi jẹ mọ́ òkúta.

Ẹbí tí stonecrop ti wá lorúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Crassulaceae. Ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí "ohun tó nípọn" ló wà nídìí orúkọ náà, irú ewéko tó wà nínú ẹbí yìí sì tó nǹkan bí 1,400. Àwọn succulent kéékèèké tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Èkó àti Ìbàdàn ń kó sínú ìkòkò funfun rébété, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹbí yìí náà ni. Echeveria wá láti Mẹ́síkò. Jade plant wá láti Gúúsù Áfíríkà.

Ibi tí mò ń lọ rèé: òdúndún wa náà, ọmọ ẹbí yìí ni. Kalanchoe crenata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni ilé ẹ̀. Àbámọdá ni ìbátan ẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lágbàlá wa, Kalanchoe pinnata, tí àwọn ìwé mìíràn ń pè ní Bryophyllum pinnatum. Madagásíkà ni àbámọdá ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru. Tí ẹ ò bá dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ẹ wo òdòdó wọn. Ti òdúndún máa ń nàró sókè. Ti àbámọdá máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí agogo. Tàbí kẹ́ ẹ já ewé kan, kẹ́ ẹ gbé e sórí erùpẹ̀ tútù. Tó bá jẹ́ àbámọdá ni, ọmọ wẹ́wẹ́ á yọ létí ewé náà yípo.

Aládùúgbò mi kan ra Echeveria mẹ́ta lówó gọbọi láti fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ọmọ ìyá òun bá òun hú "koríko" tó wà lẹ́yìn ilé. Mo lọ wò ó: àbámọdá ni! Ó ra ìbátan tó wá láti òkèèrè, ó sì lé ti ilé jáde. Mi ò bá a jà, torí pé èmi náà ò sàn jù ú lọ nígbà yẹn.

Ewéko tó ń ná ọjà alẹ́

Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nípa bí ewé ṣe ń se oúnjẹ. Ewé ní àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń pè ní stomata. Lójú ọ̀sán, àwọn ihò yìí á ṣí, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á wọlé, ewé á sì fi agbára oòrùn àti omi sọ ọ́ di ṣúgà. Gbogbo wa la há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó tán.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé náà ni omi ń gbà jáde. Lójú ọ̀sán gangan tí oòrùn ń mú, tí ewé bá ṣílẹ̀kùn kó lè rí afẹ́fẹ́, omi inú ẹ̀ á máa sá lọ. Ewédú àti ẹ̀wà lè fara da ìyẹn níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ewéko tó ń gbé orí àpáta ńkọ́?

Ohun tí òdúndún àti àwọn ẹbí ẹ̀ ṣe ni pé wọ́n yí aago padà. Ní ọ̀sán, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn pa. Ó di alẹ́, tí ooru ti rọlẹ̀, kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ wò ó bí ìyá olóúnjẹ kan tí kì í ná ọjà ọ̀sán torí oòrùn. Ọjà alẹ́ ló ń lọ. Á ra ohun tó fẹ́ rà, á kó o pamọ́ sínú agbọ̀n, á lọ sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á ti ilẹ̀kùn, á dáná, á máa fi ohun tó rà lóru se oúnjẹ. Bí òdúndún ṣe ń ṣe nìyẹn. Lóru, ó ń gba carbon dioxide, ó ń sọ ọ́ di ásíìdì kan tó ń jẹ́ malic acid, ó sì ń kó o pamọ́ sínú àpò omi ńlá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ewé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á tú ásíìdì náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á gba carbon dioxide inú ẹ̀, á sì fi agbára oòrùn sọ ọ́ di ṣúgà láìṣílẹ̀kùn rárá.

Malic acid yìí kì í ṣe àjèjì. Òun ló ń jẹ́ kí èso ápù tí ò tíì pọ́n kan. Láti inú omi ápù ni Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà ará Sweden, ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní 1785, ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹ̀ fi wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún ápù.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú owó wò ó. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ewéko ṣe kọ ọ́, kí ewéko bíi ẹ̀wà tàbí ìrẹsì tó lè gba gíráàmù 1 carbon dioxide, omi tó máa sọ nù máa ń tó gíráàmù 400 sí 500. Ọ̀rá pure water kan odindi nìyẹn, torí gíráàmù 500 ni omi inú ẹ̀. Àgbàdo gbọ́n ju ìyẹn lọ, òun á ná bí 250 sí 300, ìyẹn bí ìlàjì ọ̀rá náà. Irú òdúndún ńkọ́? 50 sí 100 péré! Ohun tí ẹ̀wà fi odindi ọ̀rá ṣe, ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀rá náà ni òdúndún máa fi ṣe é.

Orúkọ tí sáyẹ́ǹsì fún ọgbọ́n yìí ni Crassulacean Acid Metabolism, CAM ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ dáadáa: orúkọ ẹbí òdúndún ni. Ọ̀pẹ̀yìnbó náà ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ewéko aṣálẹ̀ náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ ẹbí òdúndún ni gbogbo ayé ń dá nínú ìwé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 1815, wọ́n tẹ lẹ́tà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Íńdíà ló ń gbé, àbámọdá ló sì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ó ní tí òun bá jẹ ewé náà lẹ́nu láàárọ̀, ó máa ń kan. Tó bá di ọ̀sán, kò ní adùn kankan mọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á fẹ́ máa korò. Kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ahọ́n ẹ̀ ni láàbù ẹ̀. Lónìí, bí ìtàn CAM bá máa bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé, orúkọ ẹ̀ máa ń wà níbẹ̀.

Èmi náà dán an wò, ṣùgbọ́n pépà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ásíìdì ni mo lò. Mo já ewé àbámọdá tó ti gbó ní aago mẹ́fà ìdájí, mo gún un, mo ti pépà bọ omi ẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 4. Mo já èkejì lórí igi kan náà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: ó ti sún mọ́ 6. Ẹ má lo ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ o, torí ewé kékeré ṣì ń ṣe bíi ti ewéko yòókù.

Ohun tó dùn mí ni pé ọdún mẹ́fà ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ gíga ti sẹ́kọ́ńdírì, tí olùkọ́ ń sọ pé kò sí irinṣẹ́ láti fi ṣe ìdánwò nípa ewé, tí àbámọdá sì kún ẹ̀yìn kíláàsì wa fọ́fọ́. Tó bá jẹ́ pé èmi ni olùkọ́ báyọ́lọ́jì, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà.

Ìdí tí omi fi ń pa á

Ní báyìí, ẹ padà sọ́dọ̀ ike ọ̀dà mi. Ewéko tí kì í sọ omi nù lọ́sàn-án ni mò ń bu omi fún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Níbo ni omi náà fẹ́ gbà? Inú erùpẹ̀ ló jókòó sí. Gbòǹgbò náà ń mí, ẹ má gbàgbé. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín erùpẹ̀ ló ń lò. Tí omi bá dí gbogbo àyè yẹn, gbòǹgbò á máa kú díẹ̀díẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fẹ́ràn ibi tútù bíi Pythium á wá wọlé, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ibi tó tún ń tan èèyàn jẹ ni pé tí gbòǹgbò bá ti jẹrà, kò lè fa omi mọ́, ewé á wá máa rọ. Ìwọ náà á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, wàá tún bomi sí i. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kan ewé náà. Tó bá tín-ín-rín tó sì hunjọ, òùngbẹ ni. Tó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ máa gbà á kọjá, omi ti pọ̀ jù.

Bí mo ṣe gbà á là nìyí. Mo fi ọ̀bẹ mímọ́ gé igi náà lókè ibi tó ti jẹrà, mo ń gé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí inú ẹ̀ fi mọ́, tí kò sí àmì dúdú kankan mọ́. Mo já àwọn ewé ìsàlẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, mi ò gbìn ín! Mo gbé e sí abẹ́ ibòji fún ọjọ́ mẹ́rin kí ojú egbò náà lè gbẹ. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín pẹ̀lú egbò tútù, àìsàn kan náà lẹ ń sìnkú ẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo gbìn ín sínú erùpẹ̀ gbígbẹ, ó sì di ọjọ́ márùn-ún sí i kí n tó fún un lómi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rọra fà á, ó dì mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò ti dé. Mo hó ìhó ayọ̀ débi pé ará yàrá kejì kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin òdúndún, àbámọdá tàbí ìbátan wọn, ẹ mú àwọn nǹkan wọ̀nyí dání:

Ihò. Ike tí kò ní ihò nídìí, pósí ni fún ewéko yìí. Ẹ lu ihò bíi márùn-ún sí i. Tẹ́ ẹ bá gbé àwo sábẹ́ ẹ̀, ẹ máa da omi inú àwo náà nù.

Erùpẹ̀. Ẹ po erùpẹ̀ ọgbà pọ̀ mọ́ yanrìn odò, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ǹtì, ìlàjì sí ìlàjì. Ilẹ̀ amọ̀ nìkan kò dáa, ó máa ń di omi mú. Ẹ má lo yanrìn òkun torí iyọ̀.

Omi. Ẹ má fi ọjọ́ kà á, ìka ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Tí ẹ bá ṣì rí i pé ó tutù, ẹ gbé ife sílẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín dáadáa títí tí omi fi máa jáde nídìí ike, ẹ sì fi í sílẹ̀ títí tó fi máa tún gbẹ. Ní yàrá tèmi, ìyẹn máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà òjò, mo máa ń gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò sì fún un ní nǹkan kan.

Oòrùn. Ó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Tó bá ń ga lọ fíofío, tí àyè ń pọ̀ láàárín ewé kan sí ìkejì, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣàdédé gbé e láti inú yàrá sínú oòrùn ọ̀sán, ewé ẹ̀ á jó. Oòrùn àárọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n, fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Kòkòrò. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú láàárín ewé àti igi, kòkòrò ni. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi ọṣẹ nù ún, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Àbámọdá gan-an, inú ike ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ọmọ ẹ̀ pọ̀ jù. Ní Hawaii, ní Australia àti ní erékùṣù Galápagos, ó ti di koríko tó ń lé àwọn ewéko onílé jáde. Pé mo ní kẹ́ ẹ má hú u dànù kò ní kí ẹ jẹ́ kó gba gbogbo àdúgbò.

"Ewé babaláwo" àti "ewé gbogboǹṣe"

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Nígbà tí mo gbé òdúndún sójú fèrèsé, obìnrin kan nínú ilé wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Sísí, ṣé ẹ mọ̀ pé ewé awo nìyẹn? Ẹ má gbé nǹkan tí ẹ ò mọ̀dí wá bá wa o." Ohun rere ló ní lọ́kàn, mo sì dá a lóhùn pẹ̀lẹ́tù. Lóòótọ́ ni pé àwọn onísẹ̀ṣe ń lo òdúndún. Òun, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin ni ewé ẹ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n à ń jẹ tẹ̀tẹ̀, àbí a kì í jẹ ẹ́? Kò sẹ́ni tó ń sá fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ torí pé babaláwo ń lò ó. Ẹni tó ń lo ewé kì í sọ ewé di ẹ̀sìn. Malic acid inú òdúndún kò mọ mọ́ṣáláṣí yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Apá kejì ni mo tún fẹ́ bá wí, torí àwọn náà ń ṣi ọ̀nà. Àwọn ni wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí èèyàn máa gún àbámọdá, kó máa mu ún láràárọ̀ fún ikọ́, fún kíndìnrín, fún ìtọ̀ ṣúgà, fún gbogbo nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Àwọn ewéko Kalanchoe ní àwọn kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ bufadienolide nínú, wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ lára ọkàn. Ní Australia, màlúù ti kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ àwọn ìbátan àbámọdá, òdòdó wọn ló sì burú jù. Tẹ́ ẹ bá ní ajá tàbí ewúrẹ́, ẹ gbé ike yín sókè. Àwọn àgbà tó ń lò ó mọ ìwọ̀n, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń lò ó fún. Ẹni tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà ò mọ ìkankan nínú wọn. Tí ara yín kò bá yá, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ lọ.

Kò dìgbà tí ewéko bá jẹ́ oògùn tàbí òrìṣà kó tó níyì. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ó tó pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ewéko tó fi ọgbọ́n òru hàn wá, tó sì ń gbé lẹ́yìn ilé wa.

Kí la fẹ́ fi sílẹ̀ nínú àgbàlá?

Ẹ wo àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa lọ sí Brazil. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n mú nǹkan kan dání. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ní Bahia ṣì mọ ewé tó ń jẹ́ òdúndún, orúkọ náà ò sì kúrò lẹ́nu wọn. Lédè Potogí, wọ́n tún ń pè é ní folha-da-costa, ìyẹn ewé tó wá láti etíkun, etíkun Áfíríkà tiwa níbí. Àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí àyè fún òdúndún. Àwa tá a jogún ilẹ̀, a ń dalẹ̀ bò ó.

Ní Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Ford gbin Sedum sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Òrùlé náà lé ní ékà 10. Ewéko náà máa ń fa omi òjò mu kó má bàa ya lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dín ooru òrùlé kù. Mi ò ní ká lọ ra Sedum o. Ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ràn ooru àti òjò wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́rọ̀ ṣe rí: àwọn kan ń gbé ẹbí òdúndún gun òkè ilé, àwa ń gbé òkúta lé e lórí. Íńtálọ́kì tá a fi bo gbogbo ilẹ̀ kì í jẹ́ kí òjò ríbi wọlẹ̀ bó ṣe yẹ, lọ́sàn-án ó sì máa ń gbóná bí àgbá.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ́ íńtálọ́kì. Ẹrẹ̀ kì í ṣe ohun tó dáa, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà rí ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ẹsẹ̀ bàtà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí ẹ tó gba àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti bẹ̀rẹ̀, ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kẹ́ ẹ ní kó bá yín yípo àgbàlá náà, kó máa dárúkọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò wọn. Ohun tó bá ṣeé yà lẹ́ka, ẹ ya á.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo gbé ike òdúndún kan padà sí Ìsẹ́yìn. Mẹ́ta ló ti dà báyìí, torí mo gé orí ẹ̀ kó lè pẹ̀ka, mo sì gbin àwọn ohun tí mo gé. Màmá Àgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó ti ìka bọ erùpẹ̀ ẹ̀.

Ó ní, "Ó gbẹ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọ?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí ife omi àárọ̀ àti alẹ́ dórí ìdí tó jẹrà. Mo wá bi í pé, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé kì í fẹ́ omi púpọ̀?"

"Ìwọ lo ò bi mí. O ní ìwé lò ń kà."

Mi ò rí èsì fún un. Bùrọ̀dá kan nínú ilé bá wa yọ òkúta mẹ́rin kúrò létí ògiri, a da yanrìn sí i, a gbìn ín. Mo fẹ́ lọ bu omi, Màmá Àgbà di ọwọ́ mi mú.

Tẹ́ ẹ bá ní òdúndún tàbí àbámọdá nítòsí, ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ ẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ tó gbé ife. Tẹ́ ẹ bá sì ní àgbàlagbà nílé, ẹ bi í léèrè.